Ìdí Tí Aláìsàn Ọpọlọ Fi Ń Ṣe Ara Rẹ̀ Léṣe

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí, ọkọ, ìyàwó àti àbúrò máa ń béèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ti ká apá aṣọ ẹni tí wọ́n mú wá sókè, tí ojú gbogbo wọn sì ti bọ́ sórí àwọn àpá tí ó wà níbẹ̀: "Kí ló dé tí ó fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ báyìí?" Ìbéèrè náà tọ́. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa ara ni pé ó máa ń sá fún ìrora. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ pàápàá a máa yọ ọwọ́ kúrò lára ohun tó gbóná. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ẹni tó ń wá ìrora lọ, ẹ̀rù á bà wá, a ó sì yára mú àlàyé tó bá sún mọ́ wa jù. Àwọn kan á ní wèrè ló ń ṣe é, wèrè kì í sì í ní ìdí. Àwọn kan á ní àfiṣe ni, ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Àwọn mìíràn, tí ó sábà máa ń jẹ́ pé ìtọ́jú ẹni náà ti sú wọn, á ní àṣehàn ni, ó kàn fẹ́ kí gbogbo ilé máa sá tẹ̀ lé òun.

Ibì kan náà ni àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kùnà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi aláìsàn léèrè pé kí ni ọgbẹ́ náà ń bá a ṣe. Àwọn onímọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí i pé iṣẹ́ kan ni ìpalára náà máa ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ náà léwu, kì í sì í tọ́jọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, ó sì máa ń jẹ́ èyí tí aláìsàn kò tíì rí nǹkan mìíràn tó lè bá a ṣe é kíákíá bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá mọ iṣẹ́ náà, a kò lè bá a wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, gbogbo ariwo tí a bá sì pa lé e lórí yóò kàn kọ́ ọ bí a ti ń fi nǹkan pa mọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ohun tó jọ ọ́. Ilà tí àwọn bàbá wa ń kọ sí ojú àti gbẹ́rẹ́ tí oníṣègùn ń sín kò sí lára ohun tí à ń wí, nítorí pé ẹbí tàbí ìlú ló fọwọ́ sí wọn, ìtumọ̀ wọn sì yé tolórí tẹlẹ́mù. Ohun tí à ń sọ ni kí ènìyàn dìídì ṣe ara rẹ̀ léṣe, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn tàbí nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tún wà láàárín èyí àti kí ènìyàn fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe ló máa ń sọ pé ikú kọ́ ni àwọn ń wá, pé kí àwọn lè la alẹ́ ọjọ́ náà kọjá ni àwọn ṣe ṣe é. Ní 1938, Karl Menninger, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti dábàá pé irú ìwà yìí lè jẹ́ ọ̀nà tí ọkàn ń gbà láti yẹra fún ikú. Ní 2013, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ń ṣàtúnṣe ìwé tí wọ́n fi ń mọ àìsàn ọpọlọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fi ṣíṣe ara ẹni léṣe láìní èrò ikú sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí ìwádìí túbọ̀ wáyé lé lórí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyàtọ̀ yìí tu ara rẹ̀ nínú jù. Ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe láìfẹ́ kú lónìí lè dé ibi tí ikú ti ń wù ú lọ́la, ara tó sì ti mọ ìrora lára kì í bẹ̀rù rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú àkójọ ìwádìí nípa àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ṣe ara wọn léṣe, yálà wọ́n fẹ́ kú tàbí wọn kò fẹ́ kú, nǹkan bí 16 nínú 100 ló tún padà wá láàárín ọdún kan. Ìdí nìyí tí gbogbo irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi yẹ ní ohun tí a ó fi ìfarabalẹ̀ gbọ́, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré lójú.

Kò sì yẹ kí a rò pé inú ilé ìwòsàn ọpọlọ nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àkójọ ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, fi hàn pé nǹkan bí 17 nínú 100 ọ̀dọ́langba ló ti ṣe ara wọn léṣe rí láìní èrò ikú, nígbà tí ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bí 5 tàbí 6 nínú 100 lọ. Láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, iye náà ga ju èyí lọ púpọ̀, nítorí pé ẹrù tí àìsàn ń dì lé wọn lórí pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Níbi ẹrù yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo ohun tí àwọn aláìsàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó mú kí ara rọ àwọn. Èdè wa kò jìnnà sí òye yìí. Bí ẹnì kan bá sọ pé "ó dùn mí", ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ni tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrora ara ní ojú ibi tí a lè nawọ́ sí, a mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, a lè fi oògùn sí i, a sì lè máa wò ó bó ti ń jinná. Ìrora ọkàn kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìbẹ̀rù, ìbínú, ìtìjú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀ ti kọjá àlà, àyà rẹ̀ á máa já, èrò kan náà á máa pòyì lórí rẹ̀, kò ní lè jókòó, kò ní lè sùn, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó bá wá ṣe ara rẹ̀ léṣe, ìrora tí kò ní ojú á di èyí tó ní ojú. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ọkàn rẹ̀ á wà níbẹ̀, èrò tó ń pòyì á sì dúró.

Nǹkan tún ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Ní ìlú Mannheim ní orílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn tó ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní borderline personality disorder. Nínú àìsàn yìí, ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ máa ń yára dìde, wọ́n máa ń ga, wọn kì í sì í tètè rọlẹ̀, ìṣera-ẹni-léṣe sì wọ́pọ̀ gan-an nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé nígbà tí ìrora díẹ̀ bá kan aláìsàn lára, apá ọpọlọ tó ń ru ìbẹ̀rù àti ìdààmú sókè máa ń rọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe láti pa ìrora kú, tí wọ́n ń pè ní endorphin. Bí ara bá fara pa, èròjà yìí á tú jáde, kò sì í ṣe ìrora ara nìkan ni ó ń tù. Wọ́n ti rí i lára àwọn kan tó ń ṣe ara wọn léṣe pé ìwọ̀n irú èròjà bẹ́ẹ̀ tó wà nínú wọn nígbà gbogbo kéré sí ti ẹlòmíràn.

Ohun kẹta ni èyí tó yé mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ti ru ẹrù igi wálé láti oko rí mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀, ara kì í kàn padà sí bó ti wà kí ó tó ru ú. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó máa ń fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni pé ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀. Bákan náà ni ìrora ṣe ń ṣe: nígbà tí ó bá dáwọ́ dúró, ìtura tó ń tẹ̀ lé e máa ń ju ìwọ̀n tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ lọ. Kì í ṣe aláìsàn nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ara gbogbo ènìyàn ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn ni pé ó ṣèèṣì kan ìtura yìí ní ọjọ́ tí kò sí ìtura mìíràn.

Ọpọlọ kì í sì í gbàgbé ohun tó bá gbà á lọ́wọ́ ìdààmú. Ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀dùn náà bá tún dé, ọ̀nà tó kọ́kọ́ yọrí ni yóò tún fẹ́ gbà, bó bá sì ti ń tọ̀ ọ́ léraléra, ọ̀nà náà á di ojú pópó. Bẹ́ẹ̀ ìtura náà kì í tọ́jọ́. Kò pẹ́ tí ìtìjú á fi dé, ẹ̀rù pé kí ẹnikẹ́ni má rí i á dé, ìbínú sí ara rẹ̀ á dé, gbogbo ìwọ̀nyí á sì di ẹ̀dùn tuntun tó tún ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó ń lo oògùn orí fífọ́ lójoojúmọ́ títí oògùn náà fi di ohun tó ń fọ́ ọ lórí, nítorí pé àwọn dókítà mọ irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹni náà fẹ́ràn orí fífọ́.

Ìtura nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí ọgbẹ́ lè ṣe. Àwọn kan wà tí ìṣòro wọn jẹ́ òdìkejì, tí wọn kì í mọ nǹkan kan lára rárá. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tàbí tí wọ́n fìyà jẹ ní kékeré títí tí ọkàn rẹ̀ fi kọ́ bí a ti ń sá kúrò nínú ara, lè wà níbi kan kó dà bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Ohùn àwọn ènìyàn á máa dún bí ẹni pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ọwọ́ ara rẹ̀ á sì dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ohun tó máa ń bà á lẹ́rù ju ìrora lọ ni òfo yìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń sọ pé ìrora ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè. Tí a bá sọ fún un pé kí ó lọ sinmi, kí ó lọ dá wà, a kàn dá a padà sínú òfo náà ni.

Ní ti ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà, ọ̀rọ̀ ìjìyà ló sábà máa ń jẹ́. Ìsoríkọ́ tó le máa ń parọ́ fún ènìyàn pé òun ni òun ba ayé gbogbo ènìyàn jẹ́, pé ẹrù ni òun jẹ́ fún ìyá òun, pé ìyà ló tọ́ sí òun. Ẹni tó gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè fi ìyà jẹ ara rẹ̀ bí adájọ́ ṣe ń ṣe. Mo fẹ́ kí àwọn òbí ronú lórí èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, bíi "o fẹ́ pa mí ni", "o ti dójú ti ìdílé yìí", ni ó máa ń dà bí ìdájọ́ kejì lẹ́yìn èyí tí ọmọ náà ti dá fún ara rẹ̀.

Ẹ̀sùn àṣehàn wá ńkọ́? Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí a ti yí ojú rẹ̀ padà. Àwọn kan máa ń fi ọgbẹ́ sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ, pàápàá níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́nu léraléra tí kò sí ẹni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló ń bo àpá wọn, tí wọ́n ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru, tí wọn kì í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ wẹ̀ lódò. Ẹni tó ń ṣe àṣehàn kì í bo ohun tó fẹ́ fi hàn. Kódà, fún ẹni tó ṣe é kí wọ́n lè rí òun, ìbéèrè tó kàn ni pé báwo ni ọ̀nà gbogbo ṣe dí mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kù tí yóò bá a pe ènìyàn.

Kò sí ìtàn tó ṣàlàyé gbogbo èyí tó ti Marsha Linehan, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Ní 1961, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ó sì lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀. Ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe gan-an. Wọ́n tì í mọ́ yàrá àdágbé, wọ́n kó gbogbo ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ògiri yàrá náà ló ń fi orí gbá. Ohun tó ń lé e kò sí nínú àwọn nǹkan tí wọ́n kó lọ. Nígbà tó yá, ó di onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ó sì dá ọ̀nà ìtọ́jú kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dialectical Behaviour Therapy, tí wọ́n gé kúrú sí DBT, fún irú àwọn aláìsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ rí. Ní 1991 ló tẹ àbájáde ìdánwò ìtọ́jú náà jáde, pé àwọn tó gbà á kò ṣe ara wọn léṣe tó àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ nígbà náà. Kò sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba títí di 2011.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí dá lórí aláìsàn tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá nígbà tí àìsàn bá ti gba ọkàn lọ́wọ́ ẹni. Nínú schizophrenia àti àwọn àìsàn tó jọ ọ́, aláìsàn lè máa gbọ́ ohùn tí kò sí ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ọ, ohùn náà sì lè máa pàṣẹ. Ó tún lè dá a lójú pé nǹkan wà nínú ara òun tó gbọ́dọ̀ jáde, tàbí pé bí òun kò bá fi ẹ̀yà ara òun kan rúbọ, aburú yóò bá àwọn ọmọ òun. Nínú ayé tí ó wà yẹn, ohun tó ń ṣe mọ́gbọ́n wá. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń burú jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ kí ẹni náà tó gba ìtọ́jú àkọ́kọ́ rárá, ní àsìkò tí wọ́n ṣì ń gbé e káàkiri. Níhìn-ín, oògùn tó ń pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, ó sì gbọ́dọ̀ yá. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní clozapine ti fi hàn pé ó ń dín ewu gbígba ẹ̀mí ara ẹni kù láàárín àwọn tó ní schizophrenia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò déédéé. Bí olùṣọ́ àgùntàn, àlùfáà tàbí babaláwo bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàdúrà tàbí kí wọ́n ṣe ètùtù wọn lẹ́bàá dókítà, kí wọ́n má ṣe fi í dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ti àwọn ọmọ kan tún yàtọ̀. Ọmọ tó ní autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí ó ṣòro fún ọmọ láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ àti láti bá wọn ṣe, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, lè máa gbá orí mọ́lẹ̀ tàbí kí ó máa bu ara rẹ̀ jẹ. Nígbà mìíràn, etí tàbí eyín ló ń dùn ún tí kò lè sọ, nítorí náà ara ni ó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àìsàn kan sì wà tí Michael Lesch àti William Nyhan ṣàpèjúwe ní 1964, tí wọ́n fi orúkọ wọn pè, tí ó jẹ́ pé ọmọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe ṣáá. Èròjà kan ṣoṣo tó yẹ kí ara máa ṣe ni kò sí níbẹ̀, ọmọ náà á sì máa bu ètè àti ìka ara rẹ̀ jẹ. Ìrora náà ń dùn ún, ẹ̀rù ń bà á, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun so ọwọ́ òun, bí wọ́n bá sì tú u, á bú sẹ́kún. Mo mú àpẹẹrẹ yìí wá nítorí àwọn tó ṣì ń rò pé ìfẹ́ inú lásán ni gbogbo rẹ̀.

Ohun kan máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu: ẹni tí kò ṣe ara rẹ̀ léṣe nílé rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nígbà tó bá dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́, fóònù àti aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń pinnu ìgbà tí yóò jẹun àti ìgbà tí yóò sùn, ọjọ́ ń gùn, kò sí iṣẹ́, àwọn tó wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe é. Ara rẹ̀ nìkan ló kù tí ó ní àṣẹ lé lórí. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí àwọn ilé ìtọ́jú kan ṣì ń dè mọ́ aláìsàn lẹ́sẹ̀ ń dá kún irú ìdààmú yìí ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò ìletò ní Árò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, òdìkejì rẹ̀ ló ṣe. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kan jọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí náà ń dáná fún un, aláìsàn á sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń jí rí ojú èèyàn rẹ̀ láràárọ̀, tó sì ní iṣẹ́ díẹ̀ tí yóò ṣe, kò dá nìkan wà pẹ̀lú ìdààmú rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú ti dá kún bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi irú ọgbẹ́ yìí pa mọ́. Abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà, tó jẹ́ ogún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pa irú òfin náà rẹ́ ní ìlú wọn láti 1961. Ẹni tó ṣe ara rẹ̀ léṣe láìfẹ́ kú kò dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ẹbí tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà? Wọ́n á di ọgbẹ́ náà nílé, ni ọ̀rọ̀ bá parí. Ní oṣù kìíní 2023, ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè nínú àkọlé rẹ̀ pàápàá, tó sì fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, gbé jáde fún àwọn dókítà ní 2022 sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ìjìyà tàbí ilé ẹjọ́ ṣe ìtọ́jú fún ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe léraléra. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, títí kan yàrá tí wọ́n ti ń rán ọgbẹ́: nọ́ọ̀sì tó bá rán irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láìfún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ìpa-ìrora, pé ṣebí òun ló ṣe ara rẹ̀, ti ṣe ohun tí kò tọ́.

Ìtọ́jú tó múná dóko ni èyí tó bá bá iṣẹ́ ọgbẹ́ náà mu. Nínú DBT, wọ́n máa ń kọ́ aláìsàn bí yóò ti mọ ìgbà tí ẹ̀dùn ń bọ̀ kí ó tó kún, bí yóò ti fara da wákàtí tó le láìṣe ohun tí yóò mú un le sí i, bí yóò ti tu ara rẹ̀ nínú, àti bí yóò ti bèèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn láìjà, láì sì pa á mọ́ sínú. Ó máa ń gba oṣù púpọ̀, aláìsàn á sì tún ṣubú lójú ọ̀nà. Kò sí oògùn kan pàtó tí a lè sọ pé òun ló wà fún ìṣera-ẹni-léṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìsoríkọ́ tàbí àìsàn mìíràn bá wà nídìí rẹ̀, oògùn àìsàn yẹn ṣe pàtàkì, kò sì yẹ kí ẹbí dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ náà lára ẹni yín lónìí, ọgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé orí òkúta ló ṣubú sí. Bí ọgbẹ́ náà bá jìn, tàbí bí ẹni náà bá gbé nǹkan tó léwu mì, ilé ìwòsàn ni ní wàrà. Ẹ má ṣe gbé Bíbélì tàbí Kùránì lé e lọ́wọ́ pé kí ó búra pé òun kò ní ṣe é mọ́, nítorí pé irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi hàn pé ó ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kò ní lè sọ fún yín. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣe é, àti bó ṣe rí lára rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ikú ń wù ú. Ìwádìí ti fi hàn pé ìbéèrè yìí kì í gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ara máa ń tu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹnì kan tilẹ̀ béèrè. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn àti májèlé inú ilé kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà ọpọlọ wà, bíi Árò tàbí Yábàá, tàbí LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ètò ìdènà ìpara-ẹni tí wọ́n ń pè ní SURPIN wà. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pe Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tó wà nínú ìdààmú, lórí 116 123, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988, tọ̀sán-tòru.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, àpá á ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan á dé tí ẹ ó jọ lọ síbi ìgbéyàwó, tí wọ́n á ti rán aṣọ ẹbí, tí ẹnì kan á sì béèrè nípa ọwọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ ti bá a sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà: bóyá ọwọ́ gígùn ni kí télọ̀ rán sí aṣọ rẹ̀ tàbí ọwọ́ kúkúrú, òun ni kí ó mú èyí tó wù ú, òun náà ni yóò sì pinnu ohun tí yóò sọ fún ẹni tó béèrè, tàbí bóyá yóò sọ nǹkan kan rárá.